Kókó Tó Wà Níwájú Eyín Ayùn

Bàbá mi ọ̀wọ́n, ẹni tó fi fáìlì lé mi lọ́wọ́,

Èmi ni. Ọwọ́ mi kọ́ ló kọ èyí. Ẹ mọ̀ pé ẹ kò rán mi lọ sílé ìwé, n kò sì bínú nítorí rẹ̀ mọ́. Télọ̀ Pọ́ọ̀lù ló ń bá mi kọ ọ́. Ọmọ Nàgó ni, ará Pọ̀bẹ̀. Ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ wà ní Akébé níbí, ní ìlú Libreville, abẹ́ ọ̀dẹ̀dẹ̀ rẹ̀ ni mo ń jókòó sí láti pọ́n irin. Nígbà tí mo ní kó bá mi kọ lẹ́tà sí bàbá mi, ó mú bébà, ó tọ́ lẹ́ẹ̀dì lá, ó ní:

"Àdírẹ́sì ńkọ́?"

Mo sọ fún un pé ẹ ti kú kí ogun ńlá òyìnbó tó bẹ̀rẹ̀. Ó gbé lẹ́ẹ̀dì sílẹ̀.

"Bàbá, ìyàwó mi wà láàyè ní Pọ̀bẹ̀, kì í fèsì lẹ́tà mi. Òkú ló máa wá fèsì tiyín?"

"N kò ní kó fèsì. Ìwọ ṣáà kọ ohun tí mo bá sọ. Tí mo bá bú ẹnìkan, kọ èébú náà. Má fi oyin kún un."

Ó ti gbà. Ẹ jẹ́ kí n tètè sọ̀rọ̀ kó tó yí ọkàn padà.

Abẹ̀ní, ìyàwó mi, ti kú. Ó lé ní ọdún mẹ́ta. Bóyá ẹ ti rí i lọ́dọ̀ yín, bóyá ẹ kò rí i, n kò mọ bí ibẹ̀ ṣe rí. Ibà ni. Ó ṣe é fún ọjọ́ mẹ́fà. Lọ́jọ́ kẹta tí a sin ín, mo padà sídìí iṣẹ́, àwọn èèyàn sì ń sọ ọ́ kiri pé ojú mi gbẹ. Òótọ́ ni wọ́n sọ. Ojú mi gbẹ. Mo ti sin ọmọ mẹ́ta ṣáájú rẹ̀ ní ìlú yìí, nígbà tó fi máa kan òun, n kò ní nǹkan kan nínú tó lè jáde mọ́. Títí nìkan ló kù nínú àwọn ọmọ. Nígbà tí ẹ̀yin náà kú, n kò wá. Mo ti máa ń sọ fáwọn èèyàn pé n kò rí ọkọ̀ ojú omi. Ọkọ̀ wà. Mo lè wá. N kò wá. Télọ̀, kọ ọ́ bẹ́ẹ̀.

Ilẹ̀ yìí ti gba òmìnira, Nàìjíríà náà ti gbà á, kò tó oṣù méjì tó wà láàárín wọn. Àwọn èèyàn jó níbi gbogbo. Èmi kò rí ijó. Mo ń pọ́n àdá fáwọn tó fẹ́ gé koríko ibi tí wọ́n ti máa jó. Láti ìgbà náà, tí nǹkan kan bá wà tí òyìnbó kò parí, ì báà ṣe ilé, ì báà ṣe gọ́tà, ẹ máa gbọ́ tí ẹnìkan á ní: "Àwa fúnra wa la ó parí i." Mo fẹ́ràn ọ̀rọ̀ náà. Ọ̀rọ̀ náà ló kó bá mi, ẹ máa gbọ́ bó ṣe jẹ́.

Òyìnbó kan wà lẹ́bàá òkun tí mo ń bá pọ́n irin ọgbà rẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún: ṣọ́bìrì, ọkọ́, dòjé, àti sísọ́ọ̀sì ńlá olọ́wọ́ méjì tí wọ́n fi ń gé ẹ̀ka òdòdó. Kì í yìn mí. Á kàn fi ìka tọ́ ojú irin wò, á mirí, á wọlé lọ. Ẹ̀yin náà nìyẹn, àfi pé ẹ̀yin kì í mirí. Nígbà tó ń palẹ̀ mọ́ láti padà sílé wọn, ó pè mí, ó gbé ẹ̀rọ kan fún mi. Ó ní òun kò lè kó gbogbo ẹrù lọ.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé ẹ̀rọ yìí fún yín, nítorí mo mọ̀ pé etí yín ti dìde. Ẹ́ńjìnnì kékeré ni, kò tóbi ju orí ewúrẹ́ lọ, iná mànàmáná ló ń jẹ. Mo so ó kọ́ òpó ọ̀dẹ̀dẹ̀ Télọ̀, ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni wáyà náà sì ti ń mu iná. Ìrù gígùn kan jáde lára rẹ̀, irin ni wọ́n fi hun ún, síbẹ̀ ó ń tẹ̀ bí ejò. Orí ìrù náà ni èèyàn ń dì mú, kò nípọn ju ìka méjì lọ, ẹnu rẹ̀ ni èèyàn sì ń ki òkúta ìpọ́nrin bọ̀. Òkúta náà kéré bí ekùrọ́. Òmíràn rí róbótó, òmíràn rí pẹlẹbẹ, òmíràn gùn tẹ́ẹ́rẹ́ bí ìṣáná. Tí iná bá wọ inú rẹ̀, òkúta náà á máa yí débi pé ojú kò lè rí i pé ó ń yí, á máa kùn bí agbọ́n tí wọ́n sé mọ́ inú ìgò. Agbọ́n ni mo ń pè é.

Ọjọ́ kìíní tí mo gbé agbọ́n lé àdá, mo ba àdá náà jẹ́. Ojú rẹ̀ di aró kí n tó ṣẹ́jú. Ẹ̀yin lẹ kọ́ mi pé irin tó bá di aró lójú ti kú, ó ti rọ̀, kò ní mú mọ́. Nítorí náà ni mo ṣe ń lò ó bí ẹni tó ń fọwọ́ kan ògì tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò lórí iná: kàn án, gbé e kúrò, kàn án, gbé e kúrò, kí igbá omi wà lẹ́gbẹ̀ẹ́. Ó gbà mí lóṣù méjì kí ọwọ́ mi tó mọ̀ ọ́n. Ìgbà tí mo mọ̀ ọ́n tán, iṣẹ́ tí mo fi ń jókòó láti àárọ̀ di ọ̀sán di ohun tí mo ń ṣe kí Télọ̀ tó ran ẹsẹ̀ ṣòkòtò kan tán. Mo sì máa ń bi ara mi: tí Bàbá bá rí èyí, ṣé wọ́n á gbà á lọ́wọ́ mi láti dán an wò, àbí wọ́n á ju òkúta lù ú? Ẹ̀yin tí ẹ ń fi irun apá dán ojú ọ̀bẹ wò títí apá òsì yín fi pá bí orí àgbà. Ẹ̀yin tí ẹ máa ń fún ẹni tó bá gbé àdá wá ní omi mu kí ẹ tó gba àdá náà, kí ẹ fi mọ̀ bóyá inú ń bí i. Agbọ́n kì í wo ojú ẹni tó ni irin. Ǹjẹ́ ìyẹn kò ní dùn yín?

Irin kékeré kan tún wà nínú àpótí rẹ̀, tó tẹ̀ kọdọrọ bí èékánná àṣá, tí a lè dè mọ́ ẹnu agbọ́n. Odidi ọdún kan ni n kò mọ ohun tó wà fún. Mo dán an wò lára ọ̀bẹ, kò bá a mu. Mo dán an wò lára dòjé, kò bá a mu. Mo ń gbé e sínú àpò ẹ̀wù mi kiri, tí kò bá sí oníbàárà mo máa ń yọ ọ́ síta, mo ń wò ó. Òyìnbó kì í ṣe irin lásán. Télọ̀ ní ó lè jẹ́ ti ẹ̀rọ ìránṣọ. Ó yá a lọ́wọ́ mi, ó dè é mọ́ tirẹ̀, abẹ́rẹ́ rẹ̀ ṣẹ́ sí méjì. Ó ń rẹ́rìn-ín bó ṣe ń kọ èyí. Kò rẹ́rìn-ín lọ́jọ́ náà.

Ọkọ Títí ló jẹ́ kí n mọ̀ ọ́n, láìmọ̀ pé òun jẹ́ kí n mọ̀ ọ́n.

Ọmọ ilẹ̀ yìí ni. Ondo lorúkọ rẹ̀. Nígbà tí Títí kọ́kọ́ dá orúkọ yẹn níwájú mi, inú mi dùn, mo rò pé ará Oǹdó ló ń bọ̀ wá fẹ́ ẹ. Ọ̀tọ̀ lẹni tó wọlé. N kò fẹ́ràn rẹ̀. Kì í dọ̀bálẹ̀. Á na ọwọ́ sí mi, á bọ̀ mí lọ́wọ́ bí ẹni tí èmi pẹ̀lú rẹ̀ jọ ń ná ẹja lọ́jà. Abẹ̀ní fẹ́ràn rẹ̀, ó ní ẹni tó bá lè mú Títí rẹ́rìn-ín láàárọ̀ ti tó. Ó ń ṣiṣẹ́ ní ṣántíyé, ibi tí wọ́n ti ń gé igi okumé nínú igbó lẹ́yìn Kango. Òun ló ń di ayùn ẹlẹ́ńjìnì mú níbẹ̀.

Ayùn ẹlẹ́ńjìnì náà, ẹ kò mọ̀ ọ́n. Ìgbà tí èmi dé ilẹ̀ yìí, àáké la fi ń gé igi, pẹ̀lú ayùn gígùn tí ènìyàn méjì ń fà síwá sẹ́yìn. Igi kan lè gba àárọ̀ di ìrọ̀lẹ́. Tiwọn báyìí, ẹ́ńjìnnì ló wà nídìí rẹ̀, irin pẹlẹbẹ gígùn kan yọ síwájú, ṣẹ́ẹ̀nì eléyín sì ń sáré yí irin náà ká. Àwọn ará ibí ní orúkọ Faransé gígùn kan fún un tí ahọ́n mi kò lè gbé. Tí èèyàn bá tì í bọ inú igi, ìyẹ̀fun igi á máa tú jáde, igi á sì lulẹ̀ kí èèyàn tó jẹ iṣu tán.

Ondo wá sílé fún ìsinmi, ó gbé ṣẹ́ẹ̀nì náà wá, ó sì bi mí bóyá mo lè pọ́n ọn. Mo ní kò sí irin tí n kò lè pọ́n. Ìgbà tó jáde tán ni mo tẹ́ ṣẹ́ẹ̀nì náà sórí ẹsẹ̀ mi, mo ń wo eyín rẹ̀. Ọ̀kan kọjú sí ọ̀tún, ìkejì kọjú sí òsì, bẹ́ẹ̀ títí dé òpin. Ọwọ́ mi ti wọ àpò kí n tó mọ̀. Mo gbé èékánná àṣá lé orí eyín kan. Ó jókòó síbẹ̀ bí ọmọrí ìkòkò. Òun ló ń jẹ́ kí òkúta dagun síbi kan náà lórí gbogbo eyín! Bàbá, mo kígbe. Télọ̀ sá jáde, ó rò pé iná ti gbé mi.

Mo pọ́n eyín náà lọ́kọ̀ọ̀kan, mo lo òkúta tẹ́ẹ́rẹ́, mo ń fi omi tù ú. N kò pọ́n irin tó dára tó bẹ́ẹ̀ rí láyé mi. Ṣùgbọ́n nǹkan kan kò jẹ́ kí n sinmi. Níwájú eyín kọ̀ọ̀kan, kókó kékeré kan wà tó yọ sókè, ó kú bí orí èrúkọ́, kò lójú rárá. Eyín mímú, kókó kíkú, eyín mímú, kókó kíkú. Mo wò ó fún ọjọ́ méjì gbáko. Kí ni wọ́n fi í síbẹ̀ fún? Irin tí wọ́n fẹ́ fi gé igi, kí ni ohun tó kú ń wá lára rẹ̀?

"Ẹ ò tíì parí ẹ̀, Bàbá?" Télọ̀ bi mí.

"Ó ku kókó yìí."

"Ṣé Ondo ní kẹ́ ẹ fọwọ́ kàn án?"

"Ṣé Ondo ló kọ́ mi níṣẹ́ ni? Àwọn tó ṣe é ni kò parí ẹ̀. Àwa fúnra wa la ó parí i."

Mo gbé agbọ́n, mo sì rẹ́ gbogbo kókó náà wálẹ̀, mo pọ́n orí wọn títí wọ́n fi ń dán. Inú mi dùn bí ẹni tó jẹ oyè. Ondo wọlé, ọkọ̀ akẹ́rù tó máa gbé e padà sí ṣántíyé ti ń fọn fèrè níta. Ó fi àtàǹpàkò tọ́ eyín kan wò, ó sì fa ọwọ́ yọ kíákíá.

"Pàpá! Èyí á jẹ igi bí ọ̀gẹ̀dẹ̀."

Ó fi epo ra á, ó wé e mọ́ àkísà, ó lọ. Kò wo kókó. Èmi náà kò sọ fún un. Mo fẹ́ kó rí i fúnra rẹ̀, kó sì mọ irú ẹni tí bàbá ìyàwó òun jẹ́.

Ọjọ́ kejì ni káfíńtà kan, ará Kétu, gbé ayùn ẹlẹ́ńjìnì tirẹ̀ wá. Ó ti gbọ́. Mo ṣe tirẹ̀ bákan náà, eyín àti kókó. Kò tilẹ̀ gbé e délé, ó rí ìtì igi kan nílẹ̀ lójú títì, ó ní òun fẹ́ dán an wò. Èmi àti Télọ̀ tẹ̀lé e, mo fẹ́ wo iṣẹ́ ọwọ́ mi. Ó gbé ayùn náà lé igi. Ayùn náà bu igi ṣán lẹ́ẹ̀kan, ó há, lẹ́yìn náà ó ta sókè sẹ́yìn bí ẹṣin tó ta ìpá. Ó gba ẹ̀gbẹ́ orí rẹ̀ kọjá. Fìlà rẹ̀ já bọ́, ó ti là sí méjì. Ọkùnrin náà pa ẹ́ńjìnnì, ó fọwọ́ kan orí rẹ̀, ó wo ọwọ́ náà bóyá ẹ̀jẹ̀ wà níbẹ̀. Kò sí.

"Bàbá àgbà! Kí ni mo fi ṣe yín? Ṣé mo gba ìyàwó yín ni?"

"Ìyàwó mi ti kú."

"Kò yà mí lẹ́nu! Ṣé ẹ̀yin náà lẹ bá a pọ́n ọ̀bẹ ìdáná rẹ̀?"

Télọ̀ fẹ́ gbá a létí, mo dì í mú. Ọkùnrin náà lẹ́tọ̀ọ́ láti bú mi. Ó lóṣòó, ó yí ṣẹ́ẹ̀nì sókè, ó ń wá nǹkan kan pẹ̀lú ìka.

"Kókó dà? Ta ló jẹ kókó?"

"Èmi ni. Mo pọ́n ọn."

Lẹ́yìn náà ló ṣàlàyé, ohùn rẹ̀ ti rọlẹ̀, ó ń bá mi sọ̀rọ̀ bí a ṣe ń bá ọmọdé sọ̀rọ̀. Ó ní kókó ló ń sọ fún eyín pé ó tó. Òun ló ń ṣáájú fara kan igi, ibi tó bá kàn dé náà ni eyín máa jẹ igi mọ, kò ní kọjá ibẹ̀. Tí kò bá sí kókó, eyín á bu òkèlè tí kò lè gbé mì, á há a lọ́rùn, ayùn á sì fò padà bá ẹni tó dì í mú.

Bàbá, ibẹ̀ ni mo ti rántí àdá yín. Gbogbo àdá tí ẹ bá pọ́n, ẹ máa ń fi ìwọ̀n ìka méjì sílẹ̀ nídìí rẹ̀, lẹ́bàá èèkù, láìpọ́n. Mo bi yín lẹ́ẹ̀kan, ẹ fi èèkù fáìlì kan mí lórí, ẹ ní kí n máa wò. Mo wò títí mo fi hu irùngbọ̀n, n kò rí nǹkan kan. Ìgbà tí mo dá dúró, mo ń pọ́n tèmi dé ìdí. Kí lẹ fi í sílẹ̀ fún? Ṣé kí ọwọ́ tó bá yọ̀ kúrò lórí èèkù má bàa bá ojú àdá pàdé? Àbí òkúta yín ni kò débẹ̀, tí ẹ kò sì fẹ́ sọ? Ẹ̀yin lẹ mọ̀. Ì bá dára ká ní ẹ sọ fún mi dípò èèkù fáìlì yẹn.

N kò dúró rò ó pẹ́ lọ́jọ́ náà. Ondo ló gba ọkàn mi kan. Káfíńtà ń ṣe tirẹ̀ lórí ìtì igi nílẹ̀, fìlà ló sì bá a lọ. Ondo máa dúró sídìí igi tó ga ju ilé lọ, yóò sì tẹ̀ síwájú, ojú rẹ̀ á súnmọ́ ọn. Mo lọ sí gárèèjì, mo ní kí wọ́n bá mi jíṣẹ́. Kò sí ọkọ̀ tó ń lọ lọ́jọ́ náà. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì mo gun ọkọ̀ tó kó ẹja gbígbẹ àti sìmẹ́ǹtì, mo mú fáìlì ọwọ́ mẹ́ta dání. Títí ń gbé ọmọ rẹ̀ pọ̀n nígbà tí mo kọjá lẹ́nu ọ̀nà rẹ̀. Ó bi mí ohun tí mo ń wá lọ sígbó. Mo ní mo fẹ́ lọ wo igi. Ó ní: "Igi? Pàpá, ẹ̀yin tí ẹ kì í lọ dé òkun láti wẹsẹ̀?" Mo ń wo ẹsẹ̀ ọmọ náà tó yọ lábẹ́ ọ̀já.

N kò kúrò ní Libreville láti ìgbà tí Abẹ̀ní ti kú. Lójú ọ̀nà náà, n kò rí nǹkan kan. Ẹnìkan fún mi ní ẹ̀pà, mo dì í mọ́ ọwọ́ títí ó fi rin. Ọkọ̀ náà rì sí ẹrẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, a sọ̀ kalẹ̀, a tì í. Ọjọ́ kejì, a wọ ọ̀nà ṣántíyé, mo sì ń gbọ́ ìró ayùn nínú igbó. Tí ìró ọ̀kan bá dákẹ́ lójijì, inú mi náà á dákẹ́. Tó bá tún bẹ̀rẹ̀, màá mí. Báyìí ni mo ṣe dé ibẹ̀.

Mo rí i. Kò sí ayùn lọ́wọ́ rẹ̀. Ó tẹ̀ mọ́ ìtì igi kan, ó ń fi àáké bó èèpo rẹ̀ pẹ̀lú àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ṣẹ́. Aṣọ rẹ̀ ti ya láti èjìká dé ìgbọ̀nwọ́, wọ́n sì fi báńdéèjì wé èjìká náà. Ó rí mi, ó ju àáké sílẹ̀.

"Pàpá? Títí ńkọ́? Ọmọ ńkọ́?"

"Wọ́n wà dáadáa. Èjìká yẹn ńkọ́?"

Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀. Ó ní igi àkọ́kọ́ ni, ó ní ayùn náà kàn gbá òun lásán ni, egbò náà kò jìn. Òun ti rí kókó lẹ́yìn ìyẹn. Ọ̀gá iṣẹ́, òyìnbó kan tí kì í fi ọ̀rọ̀ ṣeré, bèèrè ẹni tó ba ṣẹ́ẹ̀nì jẹ́. Ondo ní òun ni. Wọ́n gba ayùn lọ́wọ́ rẹ̀, wọ́n fi í sídìí èèpo bíbó.

"Kí ló dé tí o parọ́?" mo bi í.

"Bàbá ìyàwó mi ni yín. Níwájú gbogbo àwọn wọ̀nyí, kí n wá máa ní bàbá ìyàwó mi kò mọṣẹ́?"

Bàbá, ẹni tí kì í dọ̀bálẹ̀ fún mi nìyẹn.

Mo lọ bá ọ̀gá iṣẹ́ náà níbi tó ti ń jẹun. Faransé tí mo gbọ́ kò pọ̀, Faransé ọjà ni. Mo fi ìka kan àyà mi, mo ní èmi ni. Mo tún un sọ. Mo gbé fáìlì mi sókè, mo ní èmi ni mo pọ́n ọn, Ondo kò mọ nǹkan kan nípa rẹ̀. Àwọn òṣìṣẹ́ ti pé jọ, wọ́n ń gbọ́. Ojú tì mí débi tí etí mi fi gbóná. Láti ìgbà tí mo ti ń ṣiṣẹ́ yìí, n kò sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni rí pé mo ṣi irin pọ́n. Ọ̀gá náà ní tí mo bá lè tún un ṣe, kí n tún un ṣe, ṣùgbọ́n òun kò ní rán ẹnikẹ́ni láti gbé e lé igi.

Kókó tó ti lọ kò ṣeé dá padà. Ohun tó kù ni kí èèyàn rẹ́ eyín náà wálẹ̀ títí òun àti kókó á fi bára mu bó ṣe yẹ. Kò sí agbọ́n, kò sí iná. Fáìlì ọwọ́ ni. Ondo jókòó sílẹ̀ níwájú mi, ó di ṣẹ́ẹ̀nì mú, ó ń fi èékánná ọwọ́ rẹ̀ wọn ìyàtọ̀ tó yẹ kó wà láàárín wọn. Tí mo bá fẹ́ ṣe jù, á ní: "Ó tó, Pàpá." Màá dúró. Láti àárọ̀ ọjọ́ kejì títí oòrùn fi yẹ̀ ni a wà níbẹ̀. Kò sí eyín tí mo fi ojú kan nìkan wò.

Ìgbà tí a tò ó sórí ayùn tán, kò sí ẹni tó fẹ́ sún mọ́ ọn. Ondo na ọwọ́ sí i. Mo gbá ọwọ́ náà kúrò.

"Ẹni tó pọ́n ọn ló máa dán an wò."

Wọ́n bú sẹ́rìn-ín. Ẹnìkan pariwo láti ẹ̀yìn: "Pàpá, ta ló máa jogún bàtà yín?" Mo ní kó wá wọ̀ ọ́ wò báyìí, kó mọ̀ bóyá ó ṣe déédéé ẹsẹ̀ rẹ̀. Wọ́n tún rẹ́rìn-ín. Inú èmi kò rẹ́rìn-ín rárá.

Bàbá, mo ti fi ọjọ́ orí mi pọ́n irin fún àwọn tó ń gé igi, n kò di ayùn ẹlẹ́ńjìnì mú rí. Ó wúwo bí ọmọ tó ti sùn. Ondo fi ibi tí ọwọ́ ń gbé hàn mí, ó ní kí n ya ẹsẹ̀, kí n má gbé ojú sí òkè irin náà. Ó fa okùn, ẹ́ńjìnnì ké, gbogbo egungun mi ń gbọ̀n. Ó kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi nígbà tí mo ní kó kúrò. Mo gbé ayùn lé ìtì igi.

Kò fò. Ó wọlé jẹ́jẹ́, ó ń bọ́ èérún igi sí mi lẹ́sẹ̀, èérún fífẹ̀, tí kì í ṣe ìyẹ̀fun. Mo ń gbọ́ ohùn rẹ̀, ohùn kan náà látòkè délẹ̀. Ìtì náà pín sí méjì, apá kan yí lọ. Ọ̀gá iṣẹ́ wá, ó fi ìka tọ́ ojú igi náà wò, ó nawọ́ sí Ondo, ó ní kó gba ayùn rẹ̀.

Mo ti padà sílé báyìí. Mo ti sọ òótọ́ fún Títí. Ó fi Faransé bú mi, ó bú mi pẹ́, ibi tó yá a lẹ́nu jù n kò gbọ́ ọ. Lẹ́yìn náà ó bu oúnjẹ fún mi, ó sì jókòó tì mí títí mo fi jẹ ẹ́ tán. Káfíńtà ará Kétu ti gba fìlà tuntun, Télọ̀ ló rán an.

Ohun kan ló kù tí mo fẹ́ kẹ́ ẹ mọ̀. Nígbà tí ìtì igi náà pín, tí Ondo ti gba ayùn lọ, ẹsẹ̀ mi kọ̀ láti gbé mi. Mo jókòó sórí èérún igi, mo ń gbọ̀n, omi sì ń bọ́ lójú mi, àwọn èèyàn rò pé epo ló ta sí mi lójú. Mo gbé Abẹ̀ní sin, ẹsẹ̀ mi kò gbọ̀n. Mo gbé àwọn ọmọ sin, kò gbọ̀n. Mo ti rò pé ohun gbogbo tí wọ́n lè gbà lọ́wọ́ mi, wọ́n ti gbà á. N kò mọ̀ pé ohun kan ṣì wà lọ́wọ́ mi tí mo lè máa bẹ̀rù fún.

Èmi ni,
ọmọ yín tó fẹ́ràn yín, tí kò sọ ọ́ nígbà tí etí yín ṣì ń gbọ́.